Ìtàn Abẹ́ Ọ̀dà: Alùpùpù BSA Bantam Kan Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, ṣùgbọ́n àkísà irin ni, kì í ṣe ti aṣọ. Ní ọdún 2014, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ra ògbólógbòó alùpùpù kan, BSA Bantam, tí kò lè rìn mọ́. Èrò mi ni pé n ó tún un ṣe títí yóò fi rí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èrò yìí gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé mo ti rí i pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀.

Àwa òpìtàn a máa gbọ́kàn lé ìwé, a sì ti kọ́ láti gbọ́kàn lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun èlò ni ẹlẹ́rìí kẹta. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín òun àti àwọn méjì yòókù: ẹni tí ó bá ń ka ìwé kì í sábà pa á rẹ́ bí ó ti ń kà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tún ohun àtijọ́ ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀rí kúrò lára rẹ̀, kí ó sì máa rò pé iṣẹ́ rere ni òun ń ṣe. Ìbéèrè mi ni èyí: bí a bá ní a fẹ́ dá ohun kan padà sí bí ó ti rí, bí ó ti rí ní ọjọ́ wo?

Ibi tí Bantam ti ṣẹ̀ wá

Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ìlú Birmingham ni wọ́n kó ara wọn jọ ní 1861 tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Birmingham Small Arms sílẹ̀. Ìkékúrú orúkọ náà ni BSA, ìbọn mẹ́ta tí a kó jọ sì ni àmì wọn. Láti orí ìbọn ni wọ́n ti bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Láti orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ti bọ́ sórí alùpùpù ní 1910. Small Heath, ní Birmingham, ni ilé-iṣẹ́ ńlá wọn wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lu ilé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta sì kú síbẹ̀. Síbẹ̀, kí ogun tó parí, alùpùpù M20 tí BSA ṣe fún àwọn ọmọ ogun ti lé ní 120,000.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú ìtàn yìí ni pé Bantam, tí ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà sí ọmọ bíbí ilẹ̀ wọn, kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ rárá. Ní 1939, ilé-iṣẹ́ DKW ní ìlú Zschopau ní ilẹ̀ Jámánì gbé alùpùpù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní RT125. Hermann Weber ni olórí àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní fáàfù rárá. Bí písítìnì bá ti lọ sókè lẹ́ẹ̀kan tí ó sì padà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ihò tí ó wà lára sílíńdà ni atẹ́gùn àti epo ń gbà wọlé, àwọn náà ni èéfín ń gbà jáde. Ìrọ̀rùn yìí ni ẹwà rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn tí ó ṣẹ́gun gba àwòrán RT125 gẹ́gẹ́ bí ara ìtanràn ogun. BSA yí i padà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí: ohun tí ó wà ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń yí jíà nígbà náà. Wọ́n fi ìwọ̀n bóòtù ilẹ̀ wọn rọ́pò ti Jámánì, wọ́n sì gbé Bantam D1 jáde ní 1948. Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì ti ṣe tiwọn láti 1946. Harley-Davidson ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àkókò kan náà pẹ̀lú BSA. Ní 1955, ní ilẹ̀ Jàpáánì, Yamaha fi àwòrán kan náà ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, YA-1. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti inú ìlú kékeré kan ní Jámánì ni alùpùpù orílẹ̀-èdè mẹ́rin ti jáde. A ó sì rí i níwájú pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá wọ̀nyí wà lára àwọn tí ó gba ọjà mọ́ èkejì rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí mo ṣe rà á

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú alùpùpù àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Vintage Motor Cycle Club tí a dá sílẹ̀ ní 1946 jẹ́ àgbà láàárín wọn, kì í fi ọ̀rọ̀ náà, vintage, ṣeré. Èyí tí a ṣe kí ọdún 1931 tó wọlé nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lójú wọn, Bantam mi kò tíì dàgbà tó. Àwa ará ìta ni a ń kó gbogbo wọn pọ̀ sínú orúkọ kan.

Opó kan ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Birmingham ni ó ta alùpùpù náà fún mi. Ọkọ rẹ̀ ni ó ni ín. Ó ti wà ní ìdí ògiri ilé ìkẹ́rùsí láti ìgbà tí ojú bàbá náà ti di bàìbàì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú kánjú. Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà kan wà lára fírémù, òmíràn wà lára ẹ́ńjìnnì. A ó wò wọ́n bóyá wọ́n bá ohun tí ó wà nínú ìwé mu, àti bóyá fáìlì ti gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ní 1983 ni wọ́n pa ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ dé. Alùpùpù tí olówó rẹ̀ kò bá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Swansea kí ó tó di ìgbà náà lè pàdánù nọ́ńbà tí a fi bí i, àfi bí a bá rí ẹ̀rí tí ó múná dóko. Ti èyí pé. Bàbá náà jẹ́ ẹni tí ń tọ́jú ìwé.

Mo fi ìka kan inú táǹkì, ó ti dógùn-ún. Mo rọra gbé ọ̀pá kíráǹkì sókè sódò láti mọ̀ bóyá bíárìn rẹ̀ ti jẹ. Ó ti jẹ. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún irú ẹ́ńjìnnì yìí ni àwọn rọ́bà tí ó dí ẹnu kíráǹkì ní ọ̀tún àti ní òsì. Inú yàrá kíráǹkì ni a ti ń fún atẹ́gùn àti epo pọ̀ kí wọ́n tó gòkè lọ sí sílíńdà. Bí rọ́bà wọ̀nyí bá le tí wọ́n sì là, atẹ́gùn òde yóò máa wọlé, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ṣe bí ẹni tí ikọ́ ń gbé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa yí kábúrétọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibẹ̀ ni àìsàn wà. Mo mọ̀ pé n ó pààrọ̀ wọn. Mo sì mọ̀ pé sípánà tí a ń lò fún ọkọ̀ Jàpáánì kò ní bá bóòtù rẹ̀ mu, nítorí pé ìwọ̀n Whitworth àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà, ìwọ̀n tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841.

Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo wò dáadáa. Ohun tí n kò wò ni ọ̀dà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, mo sì ti kà á pé àwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni BSA máa ń kun D1. Mo rí i pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kun èyí, pé ó wú ní ibì kan, ó sì pọ́n ní ibòmíràn. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé n ó họ gbogbo rẹ̀ dànù, n ó sì kun ún bí ó ti yẹ.

Pupa abẹ́ àwọ̀ ewé

Ìbòrí táyà iwájú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo da oògùn tí ń bó ọ̀dà sí i, mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, mo sì nù ún títí irin fi ń dán. Ìtẹ́lọ́rùn bá mi. Ìgbà tí mo dé orí táǹkì ni mo tó rí i pé ohun tí ó wà lábẹ́ àwọ̀ ewé kì í ṣe àwọ̀ ewé mìíràn. Pupa ni, pupa tí ó tàn, tí ó dọ́gba, tí kì í ṣe iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Mo dáwọ́ dúró. Mo padà sí ìbòrí táyà tí mo ti bó, mo wá inú àkísà tí mo fi nù ún, mo rí pupa níbẹ̀, ó ti pò pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé. Bí a bá ti kọ lẹ́tà kan sí ibẹ̀ rí, tàbí nọ́ńbà kan, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n mọ́ láyé. Ọwọ́ èmi òpìtàn ni ó pa á rẹ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alùpùpù tí ó jáde ní Small Heath kò parun tán pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ olùtọ́jú ni ó kó o pa mọ́. Mo kọ̀wé béèrè, èsì sì dé: ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi tèmi ránṣẹ́ sí. Bantam jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn alùpùpù tí ilé-iṣẹ́ náà rà fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń pín wáyà láti ojúlé dé ojúlé. Pupa ni àpótí lẹ́tà, pupa ni ọkọ̀ wọn, pupa sì ni alùpùpù wọn. Nígbà tí tẹlifóònù wọ inú ilé púpọ̀, iṣẹ́ wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní 1982 ni wọ́n fi òpin sí i láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó wá yé mi pé bí mo bá kùn ún ní àwọ̀ ewé BSA, irọ́ ni n ó pa, nítorí pé kò wọ àwọ̀ náà jáde nílé-iṣẹ́. Nítorí náà mo pinnu pé pupa ni n ó dá a padà sí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fi tẹlifóònù pe ìyá opó náà láti sọ ìròyìn ayọ̀ yìí fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní òun mọ̀.

Ohun tí ó sọ fún mi nìyí. Ní 1962 ni ọkọ rẹ̀ rà á, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń ta àwọn tí ó ti gbó. Wọn kò tíì ṣègbéyàwó nígbà náà. Ó gùn ún wá sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó rí pupa lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan ni ìyá náà ní, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, wáyà ni ó sì mú ìròyìn ikú rẹ̀ dé ní 1943. Láti ọjọ́ náà, ohun pupa kankan kò gbọdọ̀ dúró níwájú ilé wọn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, òru méjì ni ó fi kun ún, ó sì padà wá ní ọjọ́ kẹta.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwa Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní àrokò. A mọ̀ pé kò dìgbà tí a bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Owó ẹyọ tí a so pọ̀ lè sọ ọ́. Àrokò ni pupa yẹn ti dì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun. Kí ọmọ tí ó mú wáyà wá tó sọ̀kalẹ̀, kí ó tó kan ilẹ̀kùn, àwọn tí ó ń wò ó lójú fèrèsé ti ka ìwé náà tán. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí mo pè ní iṣẹ́ àìmọṣẹ́ sì ni èsì àrokò náà. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kò lè sọ ìyẹn fún mi. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́ láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ́kọ́ rí ọ̀dà náà, kì bá tí sí ohun tí n ó béèrè.

Ìṣubú ilé-iṣẹ́ náà

Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé kí ni ó dé tí alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi di ohun tí à ń wá nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ní 1951, BSA ra Triumph, àwọn méjèèjì sì jọ gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Bantam dẹ́kun jíjáde ní 1971. Ní 1973, owó tán lọ́wọ́ BSA. Ìjọba fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì dá Norton Villiers Triumph sílẹ̀ láti inú àwọn tí ó ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Triumph ní Meriden pa ní ọdún kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láti 1975 ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ fúnra wọn, títí ó fi kógbá sílé ní 1983.

Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru Jàpáánì. Òótọ́ ni pé nígbà tí Honda gbé CB750 jáde ní 1969, tí ó ní sílíńdà mẹ́rin, tí a ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì láti tan án, ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ gbá a, ó sì tún ń jo epo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ìwádìí tí Boston Consulting Group ṣe fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1975 fi hàn pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fúnra wọn ni wọ́n ń sá sẹ́yìn. Nígbà tí Jàpáánì gba ọjà alùpùpù kékeré, wọ́n ní kò sí èrè níbẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí ó gba ti oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, wọ́n tún fi sílẹ̀, títí kò fi sí ibi tí wọn yóò sá sí mọ́. Yamaha, ọmọ ìyá Bantam, wà nínú àwọn tí ń lé wọn. Àwòrán kan náà wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ Yamaha di ìpìlẹ̀ tí ó ń kọ́lé lé lórí. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ BSA di ilé tí wọ́n jókòó sínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún.

Ìtàn náà kan àwa náà. Orúkọ tí a sọ ohun èlò yìí, alùpùpù, ìró ẹ́ńjìnnì ni etí Yorùbá gbọ́ tí ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1979 ni Honda dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Nígbà tí ó sì ṣe, alùpùpù akérò gba orúkọ mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́, ó di ọ̀kadà, láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Orúkọ alùpùpù kò jẹ́ kí a gbàgbé ìró tí a kọ́kọ́ gbọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe sí i. Mo tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe pátápátá: rọ́bà tuntun, bíárìn tuntun, písítìnì tuntun. N kò kábàámọ̀ èyí, nítorí pé alùpùpù tí kò lè dún kò lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí mo yọ kúrò wà nínú agolo kan, mo sì kọ ọjọ́ àti ìdí tí mo fi yọ wọ́n mọ́ ọn. Àwọ̀ ewé inú òru méjì náà wà níbi tí ó wà, pẹ̀lú gbogbo ojú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Abẹ́ táǹkì, níbi tí ojú kì í dé, ni mo ti ṣí pupa sílẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tí yóò bá ṣe ìwádìí lẹ́yìn mi. Ìyá opó náà ni ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ó hàn sí títì.

Ní ti ìbòrí táyà iwájú tí mo bó, n kò kùn ún rárá. Mo fi ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ bò ó kí ó má baà dógùn-ún. Àwọn tí ó mọ̀ nípa alùpùpù àtijọ́ a máa bi mí pé èé ṣe tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, èmi a sì dá wọn lóhùn pé apá tèmi nínú ìtàn alùpùpù náà nìyẹn.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun àtijọ́ láti tún un ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Kí ó ka ìwé rẹ̀ kí ó tó mú sípánà. Kí ó bi ẹni tí ó tà á fún un léèrè ohun tí ó mọ̀, nígbà tí ẹni náà ṣì wà láyé láti dáhùn. Ibi tí kò bá sì sí lójú títì ni kí ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án. Èmi gba ọ̀nà òdì lọ: mo fi ọ̀bẹ ṣáájú, mo fi ìwé tẹ̀lé e, mo wá fi ìbéèrè parí rẹ̀. Ìyá opó náà papò dà ní ọdún kẹta tí mo bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni mo fi pẹ́ kí n tó pè é, pupa ni alùpùpù náà ì bá jẹ́ lónìí, gbogbo wa ì bá sì máa yìn ín pé a ti dá a padà sí bí ó ti rí.